Orúkọ Tí Wọ́n Ń Pè Mí ní Beijing

Bí ènìyàn bá wà ní ilé rẹ̀, kì í sábà kíyè sí iye orúkọ tí ó ń jẹ́ lóòjọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni aládùúgbò mi yóò ti fi orúkọ ọmọ mi àkọ́bí pè mí, tí yóò sọ mí di bàbá lágbájá. Àwọn aya àbúrò mi kò dá orúkọ mi rí. Bùọ̀dá ni wọ́n ń pè mí. Ìyá mi nìkan ni ó máa ń fi oríkì pè mí nígbà tí wọ́n wà láyé, pàápàá bí wọ́n bá fẹ́ rán mi ní iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ pé n kò fẹ́ jẹ́. Ní yunifásítì, Dókítà ni mí; lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọ̀gá ni mí. Ní ọjà, aláta a máa pè mí ní bàbá bí mo bá rajà púpọ̀, a sì pè mí ní bùọ̀dá bí ó bá ń fẹ́ kí n fi díẹ̀ kún owó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyí ni ó ń fi ibi tí mo dúró sí láàárín ènìyàn hàn mí. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ yìí nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n ọdún 2023, tí mo kọjá sí ilẹ̀ Ṣáínà, ni ó tó kàn mí lára.

Oṣù Kẹjọ ọdún náà ni mo gúnlẹ̀ sí Beijing láti máa kọ́ni ní èdè Yorùbá ní yunifásítì kan níbẹ̀. Ẹnu máa ń ya àwọn ènìyàn wa bí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn ọmọ Ṣáínà ń kọ́ Yorùbá. Kò yẹ kí ó yà wọ́n. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń kọ́ èdè Swahili àti èdè Haúsá ní ìlú náà. Èdè tiwa ni ó pẹ́ kí ó tó débẹ̀. Òfin ilẹ̀ wọn ni pé àlejò tí kò bá wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó pé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ mi tuntun. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ka gbogbo orúkọ inú ìwé ìrìnnà mi láti òkè délẹ̀, kò sinmi, bí ẹni tí ń ka iye àpò ìrẹsì inú ọkọ̀. Sílébù méjì tàbí mẹ́ta ni orúkọ ènìyàn sábà máa ń ní lọ́dọ̀ wọn, ti ìdílé ni yóò sì ṣáájú. Tèmi jẹ́ sílébù mẹ́tàlá. Ní báńkì kan, kò gba inú àyè tí wọ́n là sílẹ̀ fún un, wọ́n sì gé e síbi tí àyè náà parí sí. Odindi ọdún kan ni mo fi jẹ́ orúkọ tí kò ní ìparí nínú ìwé wọn.

Owó bébà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìtàn ní Beijing. Fóònù ni gbogbo ènìyàn fi ń sanwó, títí kan ẹni tí ń ta ànàmọ́ sísun lẹ́bàá ọ̀nà. A ó gbé fóònù sún mọ́ àmì kan lára pátákó, yóò dún, ọjà di tiwa. Ó rọrùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo ṣàkíyèsí pé mo lè sanwó fún ẹni mẹ́wàá lóòjọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè mí ní ohunkóhun. Kò sí ìnájà, kò sí ‘bàbá, ẹ fi kún un’, kò sí èébú pàápàá. Ti oúnjẹ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní iṣu kan tí wọ́n ń pè ní shanyao. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, ó ń yọ̀ bí ilá, kò sì sí odó tí yóò sọ ọ́ di iyán. Mo fi se àsáró, mo sì dúpẹ́. Òtútù ni kò ṣeé fi ṣeré. Ìjọba ni ó ń fi omi gbígbóná inú páìpù mú inú ilé móoru, wọ́n sì ti dá ọjọ́ rẹ̀: 15 oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, 15 oṣù Kẹta ni wọ́n ń dáwọ́ dúró. Bí òtútù bá tètè dé, kí olúwarẹ̀ wá aṣọ kún aṣọ.

Ọ̀rọ̀ kan ni ó kọ́kọ́ mú inú mi dùn, òun ni lao. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ènìyàn dàgbà tàbí kí nǹkan gbó. Laoshi ni olùkọ́, laoban ni ọ̀gá ilé ìtajà, laowai ni àlejò tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá. (N kò fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Ṣáínà tí mo kọ síhìn-ín, nítorí pé irú àmì kan náà ni àwa àti àwọn ń lò fún ohùn tí kò jọra. Àmì tí àwa fi sórí ohùn òkè ni àwọn fi sórí ohùn tí ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ tí ó ń gùnkè. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ tiwa ni àwọn fi sórí èyí tí ó já wálẹ̀ láti òkè. Ẹni tí ó bá mọ méjèèjì kà yóò ṣi ọ̀kan kà.) Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ lè fojú inú wo bí inú Yorùbá tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún yóò ti dùn tó ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ àgbà kún orúkọ ènìyàn. Inú mi dùn bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan jẹ́ kí n mọ̀ pé laohu ni ẹkùn, laoshu sì ni èkúté. Àgbà tí wọ́n fi dá olùkọ́ lọ́lá, wọn kò fi du èkúté. Nínú laowai, ẹ̀wẹ̀, wai ni ìta. Àgbà ìta ni mí nígbà náà.

Nínú kíláàsì ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá jinlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí a dé orí orúkọ ìbátan, mo rò pé yóò ṣòro fún wọn. Kò ṣòro rárá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò bìkítà nípa ẹni tí ó ṣáájú jáde nínú ìyá kan náà, ṣùgbọ́n èdè Ṣáínà bìkítà ju tiwa lọ. Àwa ní ẹ̀gbọ́n, a ní àbúrò, ó parí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin yóò béèrè. Àwọn ní gege fún ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, jiejie fún ẹ̀gbọ́n obìnrin, didi fún àbúrò ọkùnrin, meimei fún àbúrò obìnrin. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni ní orúkọ tirẹ̀, àbúrò bàbá ní tirẹ̀, arákùnrin ìyá ní tirẹ̀. Arábìnrin bàbá kì í sì í bá arábìnrin ìyá jẹ́ orúkọ kan náà. Mo ní kí wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi Yorùbá sọ iye ẹ̀gbọ́n àti iye àbúrò tí wọ́n ní. Ẹni kìíní ní, “N kò ní ẹ̀gbọ́n, n kò ní àbúrò.” Ẹni kejì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni kẹta ní àbúrò obìnrin kan, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tí ó gba ẹ̀bùn. Ẹni kẹrin kò ní.

Ó yẹ kí n ti retí rẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1980 ni ìjọba wọn ti bẹ̀rẹ̀ òfin ọmọ kan ṣoṣo, òfin náà kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí ọdún 2015 fi parí. Àwọn tí wọ́n jókòó níwájú mi, láàárín ọdún 2003 sí 2005 ni a bí wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní bàbá òun àti ìyá òun pàápàá kò ní ọmọ ìyá. “Sà, a ní gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a óò fi pè.”

N kò mọ̀ bóyá ó mọ bí gbólóhùn rẹ̀ ti wúwo tó. Mo ronú kan àwọn ọmọ tiwa. Àwa kò ṣòfin ọmọ kan, síbẹ̀ ẹ lọ sí ilé àwọn ọ̀mọ̀wé wa ní Ìbàdàn àti Èkó, kí ẹ gbọ́ bí àwọn ọmọ ti ń fi áńkù àti àǹtí pe ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, àbúrò ìyá wọn, awakọ̀ bàbá wọn àti àlejò tí ó wá gba owó iná. Àwọn tí à bá fi orúkọ náà pè wà níbẹ̀. Orúkọ ni a kò fi pè wọ́n mọ́. Nínú méjèèjì, n kò mọ èyí tí ó burú jù.

Ṣùgbọ́n àwọn ará Ṣáínà ní ohun kan tí a jọ ní, mo sì bá a pàdé nínú ẹ̀rọ tí ń gbé wa lọ sókè ilé. Bí ìyá àti ọmọ kékeré bá wọlé tí àgbàlagbà kan wà níbẹ̀, ìyá yóò tẹ orí ọmọ náà, yóò ní jiao ren, ìyẹn ni pé, ‘pe ènìyàn’. Kí ọmọ náà fi orúkọ tí ó yẹ àgbà náà pè é, ìkíni náà nìyẹn. Kí ni ó fi yàtọ̀ sí ìyá tiwa tí ń ní, “Ṣé o ti kí bàbá?” Fún oṣù mélòó kan, bí ìyá kan nínú ilé wa bá rí mi, kì í mọ ohun tí yóò ní kí ọmọ rẹ̀ pè mí, yóò kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá ni ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo irun funfun orí mi, ó ronú díẹ̀, ó sì sọ fún ọmọ náà pé kí ó pe yeye, èyí tí í ṣe bàbá bàbá. Ọmọ náà pè é. Ní ilé, bí ẹnìkan bá sọ mí di bàbá àgbà láìtọ́jọ́, n kò ní gbà. Lọ́jọ́ náà, mo gbà á, mo sì fi gbogbo ẹnu dáhùn.

Wọ́n tún ní ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ẹ kú iṣẹ́ mọ̀ pé kò sí ibi tí a óò gbé e gbà. Ní Ṣáínà, xinku le ni wọ́n ń wí fún ẹni tí ó ṣiṣẹ́, ẹni tí ó rìn jìnnà, ẹni tí ó gbé ẹrù wá sí ẹnu ọ̀nà wọn: ‘o ti ṣe wàhálà’. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún obìnrin tí ń gbálẹ̀ ọgbà wa. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òun náà ti ń sọ ọ́ fún mi bí mo bá ti kíláàsì dé, a sì di ẹni tí ó mọra wọn.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ni mo ń wọ̀. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ó fi ń gbé ènìyàn dé Tianjin, tí ó tó nǹkan bí 120 kìlómítà sí Beijing. N kò tíì jẹ ẹ̀pà ọwọ́ mi tán tí a fi débẹ̀. Mo lọ wo Odi Ńlá wọn bí gbogbo àlejò ti ń ṣe, orókún mi sì sọ èrò tirẹ̀ fún mi lọ́nà. Àwọn ìrìnàjò wọ̀nyẹn dára. Ti Qufu ni mo fẹ́ sọ.

Oṣù Kẹrin ọdún 2023 ni ìyá mi dágbére fáyé, kí n tó kọjá sí Beijing. Àdúrà ọdún kan wọn bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù Kẹrin ọdún 2024, nílé wa ní Ìsẹ́yìn. Èmi ni àkọ́bí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò yọ̀ǹda mi, àwọn àbúrò mi ni wọ́n ṣe é. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni Qingming, ọjọ́ tí àwọn ará Ṣáínà fi ń lọ gbálẹ̀ ojú sàréè àwọn ènìyàn wọn. Láti ọdún 2008 ni ó ti wà lára àwọn ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún wa lọ́dún náà, láti Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù Kẹrin. Ṣùgbọ́n gbogbo òṣìṣẹ́ ni yóò wá san ọ̀kan padà ní ọjọ́ Àìkú. Ìsinmi tí à ń san padà bí ẹni san gbèsè ni ohun tí mo kùnà láti ṣàlàyé fún ará ilé mi títí di òní. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí abúlé wọn kò jìnnà sí Qufu sọ pé bí kò bá ní jẹ́ ìyọlẹ́nu, kí n bá òun lọ.

Ọkọ̀ náà fi nǹkan bí wákàtí méjì àbọ̀ gbé wa débẹ̀. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń rí oko àlìkámà, ó tutù minimini, òkìtì sàréè sì wà káàkiri láàárín oko, òmíràn pẹ̀lú òdòdó bébà aláràbarà lórí rẹ̀. Wọ́n ń ro oko yí wọn ká. Mo sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi pé inú ọgbà ilé ni ìyá tèmi sùn sí. Ó béèrè ẹni tí yóò gba ilẹ̀ ibẹ̀. Mo ní àràárọ̀ ni a ń gbá a, nítorí pé a ń gbá ọgbà ilé láràárọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, a lọ sí itẹ́ òkú àwọn ìdílé Kong. Kong ni orúkọ ìdílé Confucius, ẹni tí a bí ní ọdún 551 ṣáájú ìbí Jésù, tí ó sì kú ní ọdún 479. Igbó ńlá ni ibẹ̀, odi yí i ká, sàréè inú rẹ̀ sì lé ní 100,000, ti ìdílé kan ṣoṣo. Sàréè Confucius fúnra rẹ̀ kò ju òkìtì erùpẹ̀ tí koríko bò lọ, pẹ̀lú òkúta gbọọrọ níwájú rẹ̀. Bí ènìyàn bá sún mọ́ òkúta náà, yóò rí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1966, tí í ṣe ọdún tí a bí mi, ni àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti Beijing wá fọ́ ọ, ní ìgbà tí Mao ní kí wọ́n pa àṣà àtijọ́ run. Wọ́n hú òkú níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ sàréè náà ní ìrántí Zigong, ọmọ-ẹ̀yìn tí ìtàn sọ pé ó fi ọdún mẹ́fà ṣọ̀fọ̀ olùkọ́ rẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù fi ọdún mẹ́ta ṣe tiwọn. Mo wo akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má retí ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ọmọ ìdílé Kong ni awakọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó gbé wa. Ìran 76 ni ó wà. Bí a bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, a ó mọ̀, nítorí pé láti ayé ìjọba Ming ni wọ́n ti ń to ọ̀rọ̀ tí ìran kọ̀ọ̀kan yóò fi sínú orúkọ wọn: Xiang ni ti ìran 75, Ling ni ti 76, De ni ti 77. Ìwé ìran wọn tí ó jáde ní ọdún 2009 ní orúkọ ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí wọ́n kọ ti àwọn obìnrin sí i. Awakọ̀ náà, tí orí rẹ̀ ti pá, sọ pé ọmọ kékeré kan wà ní àdúgbò àwọn tí ó jẹ́ ìran 75. Shushu, àbúrò bàbá, ni òun ń pè é. Ó rò pé yóò yà mí lẹ́nu. Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ fún un pé lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó tí a gbé wọlé lónìí kò gbọdọ̀ dá orúkọ ọmọ tí a bí sínú agboolé lánàá. Ọkọ rẹ̀ ni ọmọ náà. Awakọ̀ náà fi ọwọ́ lu itan, ó sì kọ̀ kò gba owó tí ó kù.

Lọ́jọ́ kejì, a dé ọ̀dọ̀ ìyá bàbá akẹ́kọ̀ọ́ mi. Kí a tó wọlé ni ìṣòro ti dé: kí ni n ó máa pe màmá náà? Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bí mo bá pè wọ́n ní ohun tí à ń pe ìyá, mo di ẹgbẹ́ bàbá akẹ́kọ̀ọ́ mi. Bí mo bá pè wọ́n ní dajie, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n obìnrin, mo di ẹgbẹ́ ìyá bàbá rẹ̀. Ọmọ náà dúró lẹ́nu géètì, ó ń ṣírò. Níkẹyìn ó ní, “Ẹ pè wọ́n ní ẹ̀gbọ́n, sà.” Mo pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Màmá náà di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní xinku le. Ọmọ náà kò ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó túmọ̀ rẹ̀: “Wọ́n ní ẹ kú ìrìn.” N kò kọ́ ọ ní ìtumọ̀ yẹn. Mo ti máa ń sọ fún wọn pé ẹ kú iṣẹ́ ni.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni fóònù mi dún. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni nílé. Àwọn àbúrò mi ti pé sí ọgbà, wọ́n wọ aṣọ ẹbí, àwọn aya wọn ń pariwo bùọ̀dá, bùọ̀dá, ẹ kú àìrójú. Màmá náà gbé àga wọn sún mọ́ mi, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Mo ń sọ, akẹ́kọ̀ọ́ mi ń túmọ̀: àbúrò mi ọkùnrin, àbúrò mi obìnrin, ìyàwó àbúrò mi ọkùnrin, ọkọ àbúrò mi obìnrin, ọmọ àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ àbúrò mi obìnrin. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé ni ó ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ń tẹ ìka mọ́ ojú fóònù bí ó ti ń pè wọ́n, ó ti gbàgbé pé iṣẹ́ ògbufọ̀ ni òun ń ṣe. Ó dá mi dúró lẹ́ẹ̀kan láti béèrè bóyá ẹni tí ó wọ gèlè aláwọ̀ ewé ṣáájú mi tàbí ó tẹ̀lé mi. Mo ní kò sí ẹni tí ó ṣáájú mi níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo pa fóònù náà, màmá béèrè bóyá inú ilé tí àwọn ti rí yẹn ni gbogbo wọn ń gbé. Mo ní rárá. Méjì wá láti Èkó, ọ̀kan láti Ìbàdàn, ọ̀kan láti Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọ̀la, oníkálukú yóò padà. Wọ́n béèrè ẹni tí yóò wá máa gbálẹ̀ láràárọ̀ tí mo sọ fún ọmọ àwọn.

“Ọdẹ ni,” ni mo fi Yorùbá wí.

“Ọdẹ tí ń pa ẹran, sà?”

Mo ṣàlàyé fún un pé a gbà á síbẹ̀ ni, kí ó máa ṣọ́ ilé, owó oṣù ni a ń san fún un. Ó túmọ̀ rẹ̀. Màmá náà mi orí, wọn kò béèrè mọ́. Wọ́n yọjú wo ilé tí ó kọjú sí tiwọn, tí àgádágodo ti dógùn-ún lára ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n sì dìde lọ sínú ilé ìdáná. Ẹyin sísè mẹ́fà ni wọ́n dì sínú ọ̀rá fún mi, nítorí pé a ní láti padà sí Beijing lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọjọ́ tí a jẹ ìjọba ń dúró dè wá ní ọjọ́ Àìkú.